Àlejò Pàtàkì Wa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni alága àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà kí dókítà àgbà tó gbà láti wá sí àpérò wọn.

Alága fúnra rẹ̀ ló ń nu àga tí dókítà máa jókòó sí.

“Ìwọ ọmọ yìí, o mà fẹ́ràn dókítà yìí o!” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu àga lọ.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Alága fi ìwé aláìsàn kan hàn lójú ògiri. Ó ti bo orúkọ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Àyà ń dun obìnrin yìí. Wọ́n ní àárẹ̀ lásán ni, kó máa lọ sílé. Ẹnu ọ̀nà ilé ló kú sí. Dókítà, sà, kí lẹ rí sí i?”

Dókítà fi ìbínú gba maikirofóònù.

“Òpè wo ló kọ eléyìí? Òun ló pa á! Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láyé!”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Alága tẹ bọ́tìnnì, ìsàlẹ̀ ìwé ṣí.

Orúkọ dókítà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀.

“Ẹ ṣé, sà. Màmá mi nìyẹn. Ẹnu yín gan-an ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde.”