Àwo Wà Lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀rọ Wà Lọ́dọ̀ Àbúrò

Ẹ má ka èyí dé ìdajì kí ẹ sá lọ o, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Mo fi etí mi méjèèjì búra! Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ etí kan. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣẹlẹ̀.

1.
Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àga. Àga kún pálọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni tìmùtìmù rẹ̀ tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé ní ìlú mìíràn. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ògiri ló ń kí, ògiri kì í sì í dáhùn.

Ohun tó fẹ́ràn jù ni àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo náà, bàbá yẹn gan-an wà lára àwọn elégbè. Tí olórin bá dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ki bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá lórí pákó. Kò sí ibòmíràn láyé tí èèyàn ti lè gbọ́ ohùn ọkùnrin náà mọ́.

Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń pín ogún, Bàbá Àga ní, "Èmi ni àgbà, èmi ni mo ni àwo."

Àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ iná, ní, "Kò burú. Èmi ni mò ń tún giramafóònù ṣe látọjọ́ yìí, èmi ni mo ni ẹ̀rọ. Ẹ máa fi àwo yín fẹ́ afẹ́fẹ́ sára."

Ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan gbé ilẹ̀kùn lọ. Kálukú wá jókòó sílé rẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wá bẹ̀bẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún.

2.
Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù pé, "Dádì, ẹ pe Bàbá Kékeré, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, kí ẹ jọ gbọ́ ọ."

"Kí n pe ta ni? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni? Kó wá!"

"Dádì, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Ó dàárọ̀. Mò ń lọ ra tèmi."

Ẹ̀rọ méjì ló bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan rí ràkọ̀ràkọ̀, wáyà kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí irùngbọ̀n. Obìnrin tó ń tajà ní, "Bàbá, èyí ló dáa fún àwo àtijọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, kì í ha àwo. Ẹ kàn máa wá ẹni tó mọ̀ nípa wáyà kó bá yín so ó mọ́ sípíkà."

Ẹni tó mọ̀ nípa wáyà! Ojú àbúrò rẹ̀ ló yọ sí i lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Ó yí ojú kúrò.

"Pupa tó ń tan iná wínníwínní yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ẹ ṣí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó ti ń kọrin nìyẹn. Kò nílò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Bàbá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wúwo o, ó lè..."

"Ẹ bá mi dì í."

3.
Ó gbé àwo bàbá rẹ̀ sí i. Nígbà tí ohùn àwọn elégbè wọlé, Bàbá Àga dìde dúró bí ọmọ tí wọ́n pè.

Láti ọjọ́ yẹn, kó tó bọ́ bàtà ni yóò ti tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tó yá, ó rí nǹkan dúdú lẹ́búlẹ́bú lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó fẹ́ ẹ dànù. "Eruku àtijọ́ ni." Ẹ̀yin èèyàn mi, káfíńtà ni o! Ẹni tó ń fi ayùn jẹun kò mọ̀ pé ibi tí èèyàn bá ti rí lẹ́búlẹ́bú, nǹkan kan ń jẹ nǹkan kan.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Bàbá Àga ronú bí oníṣẹ́ igi: bí ayùn kò bá jẹ igi, a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ó fi téèpù lẹ nọ́ọ̀tì irin mọ́ ọwọ́ tó gbé abẹ́rẹ́ dání. Abẹ́rẹ́ kò fò mọ́ lóòótọ́. Ó ń walẹ̀ ni.

Ohùn bàbá rẹ̀ wá dà bí ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè. Ilẹ̀kùn di méjì. Ó tún yí i sókè.

4.
"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ yára ṣílẹ̀kùn, ẹrù yìí fẹ́ já mi lápá."

Àbúrò rẹ̀ ni, ó gbé giramafóònù àtijọ́ mọ́ àyà. "Mo ti bínú títí ó ti sú mi. Ẹ gbé àwo Bàbá wá."

Bàbá Àga gbé àwo náà lé e. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ sọ̀kalẹ̀ sórí àwo. Olórin kọ, wúyẹ́wúyẹ́. Ó dákẹ́ fún elégbè. Ṣììììì, bí òjò lórí páànù.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn Bàbá dà?"

Bàbá Àga wo ilẹ̀. "Mo ti dá a gbọ́ tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra! Kí ẹ tó ra nǹkan, ẹ bi ara yín bóyá nǹkan náà lẹ fẹ́, àbí ẹ kàn ń sá fún ẹnì kan. Ẹni tí ẹ ń bá yan odì, ẹ pè é lónìí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ó dáa, ibi tí mo ti purọ́ rèé: apá kẹrin. Àbúrò kò wá. Mo fi í kún un nítorí pé n kò mọ bí mo ṣe máa fi bàbá náà sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tó ń ṣe ṣìììì, kó má sì sí ẹni tí yóò bi í pé ohùn Bàbá dà.