Ojú Tí Biáńkà Kò Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé àwòrán ìyá yín fún yín, tí ẹ wò ó títí tí ẹ kò dá a mọ̀, ta ni ẹ máa bá jà?

Nílùú kan nílẹ̀ Ítálì láyé àtijọ́, opó kan wà tó ń jẹ́ Jinẹ́fírà. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ṣọ̀pọ̀ná ti dá àpá sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti di méjì.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Biáńkà, wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù, ẹ̀rù ń bà á. Ó ní kí ìyá òun fi ojú rẹ̀ ránṣẹ́ lára mẹ́dàlì, kí òun lè dì í mọ́wọ́ nígbà ìrọbí. Àṣà wọn nìyẹn: wọ́n á gbẹ́ ojú èèyàn sára ìda, wọ́n á fi idẹ rọ ọ́, kò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Jinẹ́fírà gba ọ̀dọ̀ Tadéò alágbẹ̀dẹ lọ. Owó àtijọ́ kan tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ ló nà sí i. Ojú olorì ọba Róòmù ló wà lára rẹ̀: imú gún, ọrùn gùn, irun dì bí adé.

"Ojú eléyìí ni kí o gbẹ́. Orúkọ mi ni kí o kọ yí i ká."

"Ìyá, irun Róòmù nìkan ni àwọn oníbàárà yòókù máa ń ní kí n fi sí tiwọn, wọn kì í gba ojú ẹlòmíràn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín yìí ni ọmọ yín mọ̀."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ṣe iṣẹ́ rẹ jàre!"

Tadéò ṣe é. Ó ń dán, ó rẹwà. Jinẹ́fírà fi í ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ ni àbúrò ọkọ Biáńkà gun ẹṣin dé. Ó ju mẹ́dàlì náà sórí tábìlì Tadéò níwájú àwọn oníbàárà. Jinẹ́fírà, tó ti gbọ́ pé ó dé, sáré dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin náà tó ń jágbe mọ́ Tadéò:

"Ṣé afọ́jú ni ọ́ ni? Ìyàwó wa gbà á, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó bú sẹ́kún. Ó ní, 'Ìyá mi ni mo ní kó wá, ta ni obìnrin yìí?' Ìrọbí lè mú un nígbàkigbà, kò sì ní ohun tó máa dì mú!"

Tadéò wo Jinẹ́fírà, ó panu mọ́. Kò fẹ́ dójú tì í. Oníbàárà kan ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ẹ fetí sí mi dáadáa. Ẹni tó fẹ́ràn yín kò wá arẹwà, ẹ̀yin ló ń wá. Ẹ má fi ojú ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí i. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìyà rẹ̀.

Jinẹ́fírà wọlé, ó jókòó sórí àpótí, ó tú ìborí rẹ̀ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè tan sí i lójú.

"Tadéò, mú ìda, kí o yára. Gbẹ́ gbogbo rẹ̀, títí kan àgbọ̀n méjèèjì." Ó wá kọjú sí àna rẹ̀. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ìyá Biáńkà ni mo jẹ̀bi."