Ohun Tí Leif Kọ Sínú Ìwé Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ìtìjú máa ń mú purọ́.

1.

Kò sí ará abúlé wa ní Alásíkà tí kò mọ Leif Haugen. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, òkè ló ń pọ́n, òun nìkan ṣoṣo. Signe nìkan ni àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn kú, Leif ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́. Ohun tí Leif bá ti sọ, ó parí nìyẹn lójú Signe.

Pákó kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Màmá Agafia, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí. Orúkọ àwọn tó dá nìkan gun Òkè Eyín ni wọ́n ń gbẹ́ sí i. Èèyàn mẹ́rin péré ni. Leif fẹ́ di ẹni karùn-ún, bẹ́ẹ̀ inú igbó tí béárì ti pọ̀ jù lọ ni ọ̀nà náà gbà.

Signe pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ. "Bọ̀dá mi, tí ẹ bá ti jáde nínú igbó, èmi náà á wọlé o. Mo kàn máa kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà ni."

Nígbà tí Leif dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá Agafia wo ẹrù rẹ̀. Arúgbó náà kì í dárúkọ béárì. Àgbà ló máa ń pè é, bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe ń pè é.

"Leif, ṣé agbá oúnjẹ ẹ tí Àgbà ò lè ṣí wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá, àmọ́ ó ti wúwo jù."

"Jẹ́ kó wúwo. Àgbà tó bá ti tọ́ oúnjẹ èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn èèyàn ló máa ń tọ̀ títí ayé."

"Màmá, ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín. Béárì tó bá rí mi ló máa sá!"

Màmá Agafia fọwọ́ bo ẹnu. "Àgbà ń gbọ́ ẹ o," ló sọ.

2.

Àpótí irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà igbó, ìwé kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ kà á. Ẹni tó ń jáde gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí, ì báà jẹ́ ohun ìtìjú. Ìwé yẹn ni ẹ̀mí wa.

Leif kò tíì rìn jìnnà tó fi ti agbá rẹ̀ sábẹ́ àpáta. Ó da ẹja gbígbẹ sínú àpò aṣọ, ó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, níbi tí ṣaworo wà, èyí tí a fi ń kìlọ̀ fún béárì pé èèyàn ń bọ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń súfèé lọ.

3.

Lọ́jọ́ kẹta, ó fi kẹ̀kẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó gùn ún dé ṣóńṣó, ó ya fọ́tò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kùrukùru ti bo gbogbo ilẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró bó ṣe fi í sílẹ̀. Kò ṣubú. Àmọ́ kò sí àpò oúnjẹ mọ́, kò sí ṣaworo.

Ó wolẹ̀. Ó rí ipa táyà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì rí ojú ẹsẹ̀ ńlá tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ tọ ipa náà padà. Ẹsẹ̀ yẹn wà lórí ipa táyà níbi tó ti kọjá láàárọ̀, ó wà níbi tó sùn lánàá, ó wà níbi tó sùn níjẹta. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ti ń tẹ̀ lé e láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ó tẹ kẹ̀kẹ́ kíákíá. Nínú kùrukùru lápá òsì, ó gbọ́ ṣaworo tirẹ̀: ṣin, ṣin, ṣin. Ó dúró. Ṣaworo dúró. Ó gbéra. Ṣin, ṣin, ṣin.

4.

Ó jáde láàyè. Ó ṣí ìwé inú àpótí. Tó bá kọ òótọ́, wọn á ti ọ̀nà pa, Màmá Agafia á sì béèrè agbá. Ta ni yóò gbẹ́ orúkọ ẹni tó fi oúnjẹ fa béárì?

Ó kọ ọ́ pé: "Ọ̀nà mọ́. Mi ò rí nǹkan kan." Ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ní kó pe Signe. Ó ní, "Tó bá di ọ̀la." Ó kọjá sí ìlú, ó ń mu bíà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Ọ̀la náà dé, ó tún ní ọ̀la.

5.

Lọ́jọ́ kẹrin tó jáde, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fún orúkọ rẹ̀. Màmá Agafia ti mú ọ̀bẹ, ó ti gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́.

"Signe ń kọ́? Ṣé kò tíì padà?"

"Padà láti ibo, Màmá?"

"Ó ti wọlé láti àárọ̀ ìjẹta. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó dúró dè ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Bọ̀dá mi kúkú ti kọ ọ́ pé ọ̀nà mọ́. Ta ni mo tún fẹ́ gbàgbọ́?'"

Leif ní, "Màmá, irọ́ ni mo kọ."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà.

Ọkùnrin mẹ́fà bá a lọ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n bá àgọ́ Signe ní yíya. Agbá oúnjẹ rẹ̀ jìnnà sí àgọ́, ó wà ní títì pa. Ọmọ náà pa gbogbo òfin mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ṣaworo Leif nínú kùrukùru: ṣin, ṣin, ṣin.

"Signe! Signe, èmi nìyí o!" Leif fẹ́ sáré lọ bá a, wọ́n dì í mú. Ṣaworo náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọn kò fi gbọ́ ọ mọ́. A kò rí Signe títí dòní.

Nínú ìwé, lábẹ́ ọ̀rọ̀ Leif, wọ́n bá ọwọ́ ìkọ̀wé Signe: "Mo ti ka ohun tí bọ̀dá mi kọ. Ọkàn mi balẹ̀."

Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ṣì wà lára pákó. Màmá Agafia kò parí rẹ̀, kò sì pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí ẹ bá ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Irọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ kò mọ ẹni tí yóò kà á. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.