Télọ̀ Tó Ta Àṣekágbá Alájùé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá di ipò kan mú, bó ti wù kí ipò náà kéré mọ.

1.
Nígbà ìjọba ológun, lọ́dún tí ọjà gbówó lérí, tí a ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti ṣúgà, télọ̀ kan wà l'Ẹdẹ tó ń jẹ́ Afọlábí. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kò sí àdúgbò tí kò rán jẹ́sì fún. Ìyẹn ni wọ́n fi fi í ṣe alága ìdíje bọ́ọ̀lù ọdọọdún.

Ìdíje yìí ní àṣà tirẹ̀. Àṣekágbá kì í gbé ojú kan, ó ń yí káàkiri ni. Àdúgbò tó bá kàn á fi ọ̀wẹ̀ ṣán pápá, wọn á sì se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Lọ́dún náà, ó kan àwọn àgbẹ̀ abúlé Alájùé fún ìgbà àkọ́kọ́. Afọlábí fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún wọn. Inú wọn dùn débi pé ọkùnrin kan fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tí kò tíì ta tu, nítorí pé ibẹ̀ ni òpó góòlù máa wà. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ṣán pápá náà títí ó fi mọ́ tónítóní.

2.
Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Agbaṣẹ́ṣe kan wà ní ìlú Awo nítòsí, Samuel lorúkọ rẹ̀. Ó ń wá ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá ṣójà á fi mọ òun, ó sì rí i pé bí àṣekágbá bá wáyé nítòsí ilé òun, wọ́n á wá. Ó bá Afọlábí ní ṣọ́ọ̀bù, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tuntun kalẹ̀, irú èyí tí kò sí lọ́jà mọ́ látìgbà tí ọjà òkèèrè ti wọ́n.

Ẹ bá mi wo Afọlábí. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń lò ti gbó, òwú ló ń já lójoojúmọ́. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ tuntun yìí lára, ọkàn rẹ̀ yọ́. Ó ní Awo ní àga, Awo ní ìbòòrùn, kí ni Alájùé ní ju ebè lọ? Ó ní kí Samuel máa mú àṣekágbá lọ.

Adébísí, ìyàwó rẹ̀, bi í bóyá ó ti bá àwọn ará Alájùé sọ ọ́. Ó ní òun ni alága. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

3.
Ìròyìn dé Alájùé. Ìyá Sàdíátù, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo, orúkọ ọmọ Afọlábí ló fi pè é.

"Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ̀yin lẹ ní ká ṣán pápá, a sì ti ṣán an. Kí lẹ fẹ́ ká gbìn sí i báyìí?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọdún mìíràn ń bọ̀ tí yóò kàn yín."

"Ta ló fún yín ní tọdún yìí tẹ́ ẹ fi tà á?"

Afọlábí bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rọ tuntun náà. Ìyá náà kí Adébísí, ó sì lọ.

Kérésìmesì ti ń súnmọ́ nígbà náà, aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò sọ òkò, ẹnikẹ́ni kò ṣépè. Àwọn èèyàn kàn ń wá ni. Wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba aṣọ àwọn tí kò tíì rán. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tiẹ̀ gan-an wá kó tiwọn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tuntun fi wà nílẹ̀ láìsí aṣọ tí yóò rán. Ẹ̀rù ba Afọlábí, àmọ́ ìgbéraga kò jẹ́ kó yí ọ̀rọ̀ padà.

4.
Ọjọ́ pé. Samuel rán bọ́ọ̀sì lọ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù wá sí Awo. Àwọn ọmọ náà wọ ọkọ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n ní kí dírẹ́bà gbé àwọn lọ sí Alájùé. Dírẹ́bà ní ọ̀rọ̀ tí òun ti ń retí kí ẹnì kan sọ nìyẹn.

L'Awo, Afọlábí àti Samuel jókòó láàárín àga òfìfo. Àwọn ará Awo pàápàá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alájùé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ṣójà dé, wọ́n béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù wà, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Samuel ò sọ ju pé kí Afọlábí dá ẹ̀rọ òun padà.

Ní ti Alájùé, ẹ má ṣèyọnu. Wọ́n gún iyán, wọ́n hó, wọ́n jó, ayọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́nu wọn títí dòní.

5.
Lọ́jọ́ kejì, Afọlábí wá ẹni tó máa bá a gbé ẹ̀rọ. Àwọn tó máa ń sáré gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí i, wọ́n sì kọjá. Orí ara rẹ̀ ló fi rù ú láti Ẹdẹ dé Awo, omi ń dà lójú rẹ̀ lọ́nà.

Wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbà á padà mọ́ láyé. Nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ l'Alájùé, Ìyá Sàdíátù ní kó dìde. Ó fún un ní ìró kan pé kó bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Afọlábí gbà á tọwọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di nǹkan ará ìlú mú, ẹ ṣọ́ra o. Ohun tí wọ́n fi sí yín níkàáwọ́ kì í ṣe tiyín láti tà, pàápàá èyí tí ẹlòmíràn ti làágùn lé lórí. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.