Ẹ̀rín Tó Gbẹ̀yìn

"Má pa á rẹ́!"

Aláwàdà náà já wọ yàrá ẹlẹ́rọ ohùn láìkanlẹ̀kùn, àtíkè eré ṣì wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀gá ti pàṣẹ," ni ẹlẹ́rọ fèsì, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì ìparẹ́. "Ogún ọdún rèé tí a ti ń fi ẹ̀rín àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí sábẹ́ eré yín. Tuntun ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kù kí eré bẹ̀rẹ̀."

"Kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ẹlẹ́rọ pòṣé. "Ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ ò ní lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́, àbí?"

"Mo ní jẹ́ kí n gbọ́ ọ!"

Ẹ̀rín bú jáde, ó kún yàrá. Nígbà tí àwọn yòókù tó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ dákẹ́, obìnrin kan ṣoṣo ṣì ń rẹ́rìn-ín tàkìtì.

"Ẹ ò gbọ́ alákọrí yẹn?" ni ẹlẹ́rọ wí. "Òun gan-an ni ọ̀gá ò fẹ́ gbọ́ mọ́."

Omijé la ọ̀nà sínú àtíkè ojú aláwàdà náà.

"Torí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe fẹ́ obìnrin náà níyàwó. Oṣù tó kọjá la sin ín."

Ẹlẹ́rọ ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dá ẹ̀rín náà padà síbẹ̀rẹ̀.