Ilé Ìdáná Tó Ti Làmídì Mọ́lé

"Mo fọ ọwọ́ títí ọṣẹ fi bẹ̀ mí! Kòkòrò àìsàn tó bá gbọ́ orúkọ mi, ìlú ló ń fi sílẹ̀!" Làmídì ń pariwo nínú ilé ìdáná tó ti í mọ́lé.

"Irọ́ ni, sà," ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ilé ìdáná náà fèsì láti inú ògiri. "Bí ẹ ṣe ń fọ adìyẹ tútù, omi rẹ̀ ta sínú sàláàdì. Ẹ dà á nù kí n ṣílẹ̀kùn."

Làmídì fi èjìká ti ilẹ̀kùn títí, kò mì.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ṣí i láti ìta, ó fẹ́ gbé sàláàdì fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Bàbá ìkókó, ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́ ju ojú ọ̀run lọ, Mà!"

"Ó dáa. Kọ́kọ́ jẹ ṣíbí kan."

Làmídì wo ṣíbí náà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.