Ọmọ Tí Ògì Kò Mú Sanra

Ọmọ Fọláfúnmi ń jẹun, kò sanra. Ó ń mu ọmú, ó ń mu ògì tí wọ́n lọ sóyà àti ẹja gbígbẹ mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n nílé ìwòsàn ní Ìkìrun, nọ́ọ̀sì á wo òṣùwọ̀n, á wo ọmọ, á tún gbé e kà á bí ẹni pé òṣùwọ̀n ló ń parọ́.

"Ìyá Fìyìnfólúwa, ṣé ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ ṣá?"

"Mò ń fún un, mà."

"Bí kò bá fi nǹkan kún un lóṣù tó ń bọ̀, a máa dá a dúró síbí. A máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú."

Fọláfúnmi ní ó ti yé òun. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti Òkukù láti bá a tọ́mọ. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni màmá, wọn kì í sì í gba ọ̀rọ̀ àìdáa láàyè nínú ilé. Ẹni tó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní kó gbé e mì. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù ilé, wọ́n ní, "A dúpẹ́." Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Oyèdélé, ọmọ wọn tó jẹ́ ọkọ Fọláfúnmi, wọ́n ní, "Ó máa dáa." Fọláfúnmi náà ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bí àwọn ará àdúgbò bá bèèrè àlàáfíà rẹ̀, á ní kò sí wàhálà rárá. Ilé wọn tutù minimini. Ọmọ ń rù.

Oyèdélé ló ní kí wọ́n máa jáde lọ́sàn-án Sátidé. Adéìfẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe tísà ní Ìnísà, ra eré kan bọ̀ láti Ìbàdàn.

"Irú eré wo nìyẹn?" ni màmá bi í.

"Bíi lúdò ni, màmi, àmọ́ ẹnu la fi ń ṣe é. Èèyàn á sọ ara rẹ̀ di ẹlòmíràn, dáìsì á sọ bóyá ó yè é tàbí kò yè é."

"Mo gbọ́ pé anjọ̀nú wà nínú ẹ̀."

"Ẹyọ kan péré ni. Páálí ni."

"Páálí náà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́," ni màmá wí. "Ẹ wá fẹ́ gbé ọmọ tí kò lẹ́ran lára lọ bá a."

Wọ́n gbé e lọ sílé Adéìfẹ́ ní Ìnísà. Wọ́n bá Bọ́ládélé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíríìjì ṣe, nídìí tábìlì. Adéìfẹ́ gbé páálí anjọ̀nú kalẹ̀.

"Eléyìí kì í jẹ ẹran," ó ní. "Ìnira èèyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá jáde lẹ́nu nìkan ló lè jẹ. Èyí tẹ́ ẹ bá dì mọ́nú, ó ṣòfò fún un nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ké, á tóbi sí i. Bó bá tóbi, á fojú yín rí màbo, kẹ́ ẹ lè tún ké."

"Lánlọ́ọ̀dù mi lò ń sọ yẹn," ni Bọ́ládélé wí.

Fọláfúnmi di alágbẹ̀dẹ nínú eré náà. Kò pẹ́ tí anjọ̀nú fi dá a lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí lẹ wí?" ni Adéìfẹ́ bi í.

Fọláfúnmi wo ọkọ rẹ̀. "Yéè. Ẹsẹ̀ mi."

"Bí ẹsẹ̀ tó kán ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Ó tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Oko Bọ́ládélé jó, òun náà sunkún rẹ̀ dáadáa. Ọmọ kò sùn. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Ìkìrun, ó gùnfẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń fún un?"

"Ògì yẹn náà ni, mà."

"Ẹ má pa á dà."

Wọn kò pa Sátidé jẹ mọ́. Ọrùn ọmọ ṣẹ́ léra. Màmá ní àdúrà àwọn ni. Oyèdélé ní atẹ́gùn Ìnísà ni, ó ń mú ọmú dáa. Ọ̀sẹ̀ tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n lọ, aṣọ ọmọ tún fẹ̀ jù ú lọ. Màmá ní eyín ló fẹ́ hù.

Sátidé kan, anjọ̀nú fẹ́ òrùlé alágbẹ̀dẹ lọ. Fọláfúnmi ronú díẹ̀.

"A dúpẹ́," ó ní.

Adéìfẹ́ gbójú sókè. "Mo ní òrùlé yín ti lọ."

"Ilé á wá rí ìmọ́lẹ̀."

Adéìfẹ́ ṣí ìwé eré náà títí. "Èyí ò sí níbí o. Àwọn tó kọ ọ́ ò tíì dé Òkukù." Ó mú páálí náà sẹ́yìn. "Anjọ̀nú rù."

Àwọn yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Anjọ̀nú gé ọwọ́ Bọ́ládélé, Bọ́ládélé ní, "Ṣebí tòsì ni." Ó gbé gbogbo ewúrẹ́ Oyèdélé mì, Oyèdélé ní ewúrẹ́ ti ń yọ òun lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Anjọ̀nú tó tóbi bí ìrókò di ewúrẹ́, ó di adìẹ, ó di eku.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kó pòórá," ni Adéìfẹ́ wí. "Ó ti fi eyín bu ìyàwó wa lẹ́sẹ̀ jẹ. Kí lẹ wí?"

Bọ́ládélé ti dìde, ó fẹ́ jó.

"Sọ ọ́, Fọlá," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Fọláfúnmi wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn wọnú láti ìgbà tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ó gbé dáìsì sílẹ̀, ó tẹ orí sún mọ́ ọmọ, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun, kì í ṣe ti alágbẹ̀dẹ o, ti òun gan-an ni, òun kò sùn dáadáa láti ìgbà tí òun ti bímọ, ẹ̀rù ń ba òun lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, Fìyìnfólúwa sì rún ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún lanu.